Ọdún Méjìlá Tí A Fi Dúró De Owó Bàbá Mi

Bàbá mi fi ọdún 35 kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ọdún 1977 ni wọ́n gbà á síṣẹ́ tíṣà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọdún 2012 ló fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá iléèwé. Lọ́jọ́ tó kẹ́rù kúrò ní ọ́fíìsì, àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà kọrin fún un, àwọn tíṣà sì dáwó ra aago ara ògiri kan fún un. Aago náà ṣì ń ṣiṣẹ́ ní pálọ̀ wa. Ìyókù owó tí ìjọba ìpínlẹ̀ wa jẹ ẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé aago yẹn fún un, ọdún 2024 ló tó wọlé.

Èmi ni àkọ́bí rẹ̀, èmi ni mo sì bá a sáré owó náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Iṣẹ́ akáǹtì ni mò ń ṣe nílùú Ìbàdàn, n kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ ìjọba nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ lónìí, ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ni mo ti kọ́ ọ, mo sì fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ ṣì wà lórí ìlà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé owó tí mò ń wí. Lábẹ́ ètò àtijọ́, owó méjì ló tọ́ sí òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá fẹ̀yìn tì. Ọ̀kan ni gìrátúítì, tó yẹ kí wọ́n san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èkejì ni pẹ́ńṣàn, tó ń wọlé lóṣooṣù títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ pé ọdún 35, owó ọdún mẹ́ta gbáko ni gìrátúítì rẹ̀, pẹ́ńṣàn rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó gbà kẹ́yìn. Owó oṣù bàbá mi jẹ́ 90,000 náírà nígbà tó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ni mo ti ṣírò rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, tí òun àti ìyá mi jókòó tì mí: gìrátúítì, 3,240,000, pẹ́ńṣàn, 72,000 lóṣù. Bàbá mi wo iye náà títí. Ó ní, “Àdùkẹ́, tí owó yìí bá ti wọlé, ojú ìyá rẹ la ó kọ́kọ́ ṣe.” Ojú ìyá mi méjèèjì ti ń ṣe bàìbàì nígbà náà, dókítà sì ti sọ pé iṣẹ́ abẹ ló máa là á.

Oṣù mẹ́rìndínlógún kọjá kí pẹ́ńṣàn àkọ́kọ́ tó wọlé, ti gìrátúítì ò tiẹ̀ tíì yá. Nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú fáìlì ló dá a dúró. Ọdún 1979 ni wọ́n gbé bàbá mi láti ìjọba ìbílẹ̀ kan lọ sí òmíràn, akọ̀wé tó ṣí fáìlì tuntun fún un níbẹ̀ sì kọ ọjọ́ tó dé ọ̀dọ̀ wọn síbi tó yẹ kó kọ ọjọ́ tí wọ́n gbà á síṣẹ́. Fún ọdún 33, kò sẹ́ni tó rí àṣìṣe náà. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ ṣírò owó rẹ̀ ló hàn pé ọdún méjì ti sọnù. A tú gbogbo ilé. Inú àpótí onípáànù tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì la ti rí ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀. Ikán ti jẹ etí rẹ̀ kan, ṣùgbọ́n ọjọ́, òǹtẹ̀ àti ìbuwọ́lùwé ṣì hàn ketekete. Bàbá mi fẹ́ eruku orí rẹ̀ dànù, ó sì kà á sókè fún ìyá mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

A mú un lọ. Akọ̀wé tó gbà á fi í sínú fáìlì, ó ní, “Bàbá, ẹ lọ máa bọ̀ lọ́sẹ̀ méjì sí i.” Nígbà tí a padà lọ, wọ́n ti gbé akọ̀wé náà lọ síbòmíràn, ìwé ò sì sí nínú fáìlì mọ́. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo ti yà ní ọ̀dọ̀ oníkọ̀ǹpútà kan lọ́nà, mo ti ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀ méjì kí a tó débẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, n kò fi ojúlówó ìwé sílẹ̀ fún ọ́fíìsì kankan mọ́. Ẹ̀dà ni mò ń fún wọn, ojúlówó á wà lọ́wọ́ mi kí wọ́n fi wé e lójú mi. Lẹ́tà tí mo bá sì mú lọ, méjì ni: wọ́n á gba ọ̀kan, wọ́n á lu òǹtẹ̀ sórí èkejì pé àwọn ti gbà á, pẹ̀lú ọjọ́, èyí ni mo sì máa mú padà sílé. Ìgbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni òǹtẹ̀ yẹn gbà wá sílẹ̀, torí ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n kọ́kọ́ sọ pé a kò kọ̀wé rí.

Ọdún 2015 ni n kò lè gbàgbé. Ìjọba ní àwọn òkú ń gba pẹ́ńṣàn, pé kí gbogbo òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì wá fara hàn. Òótọ́ ni pé orúkọ òkú wà nínú ìwé, n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n aago márùn-ún ìdájí ni àwọn arúgbó ti ń tò ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀, aago mẹ́wàá sì kọjá kí ẹ̀rọ tó dé. Àwọn kan dúró lórí ọ̀pá. Wọ́n gbé ìyá kan wá lórí ọ̀kadà, ọlọ́kadà níwájú, ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn, kó má baà ṣubú.

Nígbà tó kan bàbá mi, ẹ̀rọ tó ń ka ìka ọwọ́ kò ka tirẹ̀. Ọmọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ ní kó tún un tẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Iná pupa tàn. Ó gbìyànjú ọwọ́ òsì, iná pupa náà ni. Ṣọ́ọ̀kì tí bàbá mi fi ọdún 35 dì mú, àti ọkọ́ tó máa ń dì mú láàárọ̀ kùtù kó tó lọ síléèwé, ti fá ojú ìka rẹ̀ dán. Ìyá mi tó ń fojú bàìbàì wò sún mọ́ ọn. Ó tutọ́ díẹ̀ sí etí ìró rẹ̀, ó fi nu àtàǹpàkò ọkọ rẹ̀, ó tún un nù, bí ẹni ń nu ọwọ́ ọmọ tó jẹun tán. Ìgbà kẹfà ni iná tó di àwọ̀ ewé. Bàbá mi kò sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Nígbà tó máa lanu, ohun tó sọ ni pé àwọn mẹ́rin ni ẹ̀rọ kò ka ìka wọn rárá lọ́jọ́ náà, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé, àti pé ọ̀kan nínú wọn ni ọ̀gá tó kọ́ òun níṣẹ́ tíṣà ní 1977.

Mo máa ń rántí ọjọ́ yẹn tí mo bá gbọ́ pé kò sọ́nà míì. Ọ̀nà wà. PTAD, àjọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2013 fún àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì rẹ̀ tó wà lábẹ́ ètò àtijọ́, ti gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní “I Am Alive”, tí arúgbó lè fi jẹ́rìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ilé pé òun wà láàyè. Ẹni tí kò bá lè dìde, ìjọba ló yẹ kó wá bá a nílé.

Àwọn tó sì ń jẹ owó ìfẹ̀yìntì run, mo gbà pé inú ọ́fíìsì ni wọ́n wà ju inú sàréè lọ. Ní oṣù kìíní ọdún 2013, nígbà tí bàbá mi kò tíì rí kọ́bọ̀ gbà, a gbọ́ lórí rédíò pé òṣìṣẹ́ àgbà kan ní ọ́fíìsì pẹ́ńṣàn ọlọ́pàá ti gbà nílé ẹjọ́ ní Àbújá pé òun jẹ̀bi. Owó tí wọ́n ń sọ, bílíọ̀nù ni. Ilé ẹjọ́ fún un láǹfààní láti san owó ìtanràn 750,000 náírà dípò ẹ̀wọ̀n, ó sì san án. Oṣù kẹta ọdún 2018 ni ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó yí i padà, tí wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì ní kó dá owó tó lé ní bílíọ̀nù 22 náírà padà. Bàbá mi pa rédíò lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ó sì wọ yàrá lọ. Èmi jókòó síbẹ̀, mo ń ṣírò: 750,000 kò tó owó oṣù mẹ́sàn-án bàbá mi.

Ojú ìyá mi kò lè dúró de ìjọba. Ní 2016, èmi àti àwọn àbúrò mi yá owó lọ́wọ́ kọpurétíìfù ibi iṣẹ́ wa, a sì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ojú ọ̀tún là. Dókítà ní ti òsì ti pẹ́ jù. Mo ń kọ èyí síbí nítorí pé nígbà tí ìjọba bá ní àwọn yóò san gìrátúítì “nígbà tí owó bá wà”, nǹkan báyìí ló ń ṣẹlẹ̀ ní ilé àwọn tó ń dúró.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo jáwọ́ nínú ẹ̀bẹ̀. Títí di ìgbà yẹn, ẹ̀bẹ̀ la ń bẹ̀: “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn wá lọ́wọ́.” A máa ń kí wọn kú iṣẹ́, a máa ń dọ̀bálẹ̀, a máa ń kúnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ wo ló kan ẹ̀bẹ̀ nínú gbèsè? Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999, abala 210, ló dáàbò bo owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀. Ibẹ̀ náà ló ti sọ pé kí wọ́n máa ṣàtúnyẹ̀wò pẹ́ńṣàn lọ́dún márùn-ún márùn-ún, tàbí nígbà tí wọ́n bá ṣàtúnyẹ̀wò owó oṣù òṣìṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Ọdún mẹ́wàá gbáko ni bàbá mi fi gba 72,000 láìsí kọ́bọ̀ kan lé e.

Ibi tí ojú mi ti là jù lọ ni inú ìwé ìṣúná. Ní 2018, Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí 750 mílíọ̀nù dọ́là fún ètò kan tí wọ́n pè ní SFTAS. Ìpínlẹ̀ tó bá ń gbé ètò ìṣúná àti ìròyìn ìnáwó rẹ̀ síta lásìkò, kí gbogbo ayé rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ló máa rí nínú owó náà gbà. Báyìí ni ìwé tí wọ́n ti ń fi pamọ́ látọjọ́ tó ti pẹ́ ṣe jáde síta. Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan ní 2020, mo wá ti ìpínlẹ̀ wa rí, mo sì tẹ̀ ẹ́ sórí pépà. Mo rí ìlà gìrátúítì. Owó gidi ni wọ́n kọ síbẹ̀. Inú mi kọ́kọ́ dùn.

Ìwé kejì ló bà mí nínú jẹ́, ìròyìn ìnáwó tí wọ́n ń gbé jáde ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Nínú èyí, òpó méjì ló ṣe pàtàkì: iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀, àti iye tí wọ́n tú sílẹ̀. Mo fi rúlà sábẹ́ ìlà wa kí ojú mi má baà ṣì í kà. Iye tí wọ́n tú sílẹ̀ fún gìrátúítì kéré débi pé mo rò pé odo kan ti jábọ́ lára rẹ̀. Mo wá ti ọdún tó ṣáájú, bákan náà. Ọdún mẹ́jọ la ti ń sọ fún wọn pé kí wọ́n rántí wa nínú ètò ìṣúná, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń rántí wa lọ́dọọdún. Wọn kì í tú owó náà sílẹ̀ ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń bá ìjọba sọ̀rọ̀ owó, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ohun tó wà nínú ètò ìṣúná dá yín lóhùn. Ẹ béèrè èyí tó jáde.

Nínú ìwé kan náà ni mo ti bá iléèwé bàbá mi pàdé. Wọ́n kọ ọ́ pé wọ́n tún ilé ìkàwé kan ṣe níbẹ̀, wọ́n sì ti tú gbogbo owó rẹ̀ sílẹ̀ pátá. Mo mọ ilé náà. Òjò ọdún kejì lẹ́yìn tí agbaṣẹ́ṣe kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ ló ká òrùlé rẹ̀ sínú oko ẹ̀gẹ́. Bàbá mi lọ wò ó, ó mú ègé pákó kan bọ̀ wálé: igi tútù ni, kò gbẹ kí wọ́n tó kàn án, ìṣó ti yọ lára rẹ̀ fúnra rẹ̀. Nínú iṣẹ́ tó bófin mu, wọ́n máa ń dá díẹ̀ dúró nínú owó agbaṣẹ́ṣe títí àkókò kan yóò fi kọjá, kí ó lè padà wá tún ohun tó bá bàjẹ́ ṣe. Tí wọ́n bá ti san gbogbo rẹ̀ tán, ta ló máa pè é padà? Owó òrùlé yẹn àti owó bàbá mi, àpò kan náà ni wọ́n ti jáde. Iṣẹ́ tí kò lè dúró fún ọdún méjì, ìjọba máa tún un san, owó tí wọ́n máa fi tún un san sì ni a ń dúró dè.

Mo kó àwọn méje jọ, àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì àdúgbò wa àti àwọn ọmọ wọn. Lẹ́tà kan la kọ, ìbéèrè mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: àwọn tó fẹ̀yìn tì ní ọdún wo lẹ ń san fún báyìí? Ipò kelòó ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wa wà? Èló ni ó jáde lóṣù kọ̀ọ̀kan lọ́dún tó kọjá? A tọ́ka sí òfin tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní oṣù karùn-ún ọdún 2011, tó fún ẹnikẹ́ni lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba láìsọ ìdí, tó sì fún wọn ní ọjọ́ méje láti dáhùn. Wọ́n ní òfin ìjọba àpapọ̀ nìyẹn, pé kò kan ìpínlẹ̀. Oṣù kẹrin ọdún 2025 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà tó là á mọ́lẹ̀ pé ó kan gbogbo ìpínlẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá tún fi èsì yẹn dá lóhùn lónìí, kó mú ìdájọ́ náà dání.

Nígbà tí lẹ́tà kò ṣiṣẹ́, a gbé ìwé ìnáwó tọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì lọ. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ gbé e dé ọ̀dọ̀ aṣòfin àgbègbè wa, wọ́n sì kà á lójú rẹ̀, òpó kìíní, òpó kejì. Ọkùnrin náà kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo gbà pé kò mọ̀, nítorí mo rí ojú rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù bíi mẹ́ta, wọ́n lẹ orúkọ mọ́ ara ògiri, ọdún sí ọdún, ẹni tó kọ́kọ́ fẹ̀yìn tì lókè. Ohun tó rọrùn báyìí ni a ti ń bẹ̀ fún. Kí ìwé yẹn tó wà lára ògiri, ẹni tó bá mọ èèyàn ló ń gbà. Ní 2021, mílíọ̀nù kan wọ àkáǹtì bàbá mi. Ní 2024, 2,240,000 tó kù wọlé.

Kò sí kọ́bọ̀ èlé lórí rẹ̀. Owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà jẹ́ 18,000 nígbà tí bàbá mi fẹ̀yìn tì, ó di 30,000 ní 2019, ó di 70,000 ní 2024. Ní 2012, gìrátúítì bàbá mi tó san irú owó bẹ́ẹ̀ fún oṣù 180. Ní 2024, oṣù 46 ni gbogbo rẹ̀ lè san. Kò sẹ́ni tó jí i nínú àkáǹtì, ṣùgbọ́n ó lọ. Èmi ń fẹ́ òfin tó máa fi èlé lé owó ìfẹ̀yìntì tó bá pẹ́, bí báǹkì ṣe ń fi lé tiwa.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ má rò pé ètò tuntun ti yọ yín. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 ní kí wọ́n yọ ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó òṣìṣẹ́, kí agbanisíṣẹ́ sì fi ìdá 10 kún un, kó wọ àkáǹtì tó jẹ́ ti òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní ìpínlẹ̀ míì. Mo ní kó béèrè àkọsílẹ̀ àkáǹtì rẹ̀. Wọ́n ń yọ owó náà lóṣooṣù, ó hàn nínú ìwé owó oṣù rẹ̀, ṣùgbọ́n oṣù mọ́kànlá wà tí ohunkóhun kò dé àkáǹtì. Ẹ yẹ ti yín wò nísinsìnyí tí ẹ ṣì lágbára láti sáré.

Ọ̀rọ̀ owó ìrànwọ́ kò yàtọ̀ púpọ̀. Ní Èkìtì, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn àgbàlagbà tó ti lé ní 65 ní 5,000 náírà lóṣù ní 2011. Nígbà tí ìjọba yí padà ní 2014, ó dáwọ́ dúró. Ìyá alákàrà àdúgbò wa gba owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ń dúró de ẹ̀ẹ̀kẹta nígbà tí wọ́n dá gbogbo ètò náà dúró ní oṣù kìíní ọdún 2024, lẹ́yìn tí ìwé jáde pé wọ́n fẹ́ san 585 mílíọ̀nù náírà sínú àkáǹtì ẹnì kan. Títí di òní, ó ṣì máa ń na fóònù rẹ̀ sí mi pé kí n bá òun wò ó bóyá nǹkan wọlé.

Ọ̀gá bàbá mi, ẹni tí ẹ̀rọ kò ka ìka rẹ̀ ní 2015, kú ní 2022. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára ògiri, wọn kò tíì san án. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, èmi àti bàbá mi máa mú ìyàwó rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì. Gbogbo ìwé rẹ̀ wà nínú fáìlì búlúù lórí tábìlì mi báyìí: ìwé ìgbanisíṣẹ́, ìwé ìfẹ̀yìntì, ìwé ikú, ìwé ilé ẹjọ́ tó sọ pé ìyàwó rẹ̀ ló ni ẹ̀tọ́ sí owó náà, ẹ̀dà mẹ́rin mẹ́rin. Bàbá mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà náà, ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n lè lu òǹtẹ̀ sórí ọ̀kan fún wa.